Wákàtí Mélòó Ni Lọ́ńdọ̀nù sí Ògbómọ̀ṣọ́?

Ní aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú ní ìdájí ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Keje ọdún tí ó kọjá, ọkọ̀ òfurufú tí ó gbé àbúrò mi bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ti dé ọ̀gangan Ògbómọ̀ṣọ́ lójú sánmà. Àbúrò mi kò mọ̀. Ó ń sùn. Èmi náà kò mọ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti rọlẹ̀ ni mo jókòó ti àwòrán ilẹ̀, tí mo ṣe ìṣirò, tí mo sì rí i pé bàálù tí ó ń ti àríwá bọ̀ kò lè balẹ̀ sí Èkó láì kọ́kọ́ dọ́gba pẹ̀lú ilé bàbá wa ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ṣáájú.

Ní ìdájí yẹn kan náà, bàbá wa ti jí. Ó ti ní kí a gbé omi wá kí òun wẹ̀. Ó ti yan aṣọ tí yóò wọ̀, agbádá sányán tí kò tíì kan ara rẹ̀ láti ọjọ́ tí a sin ìyá wa. Èmi ni mo sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ yóò wọlé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọmọ náà wọlé.

Mo fẹ́ ṣe àlàyé bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní òbí àgbà nílé tí ẹ sì ní ọmọ tàbí àbúrò lókè òkun. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo iye tí a kà fún ara wa ni ó tọ̀nà.

Ilé ọkọ mi wà ní Ọ̀yọ́, kò jìnnà sí ọjà Àkẹ̀sán. Ilé bàbá mi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní ẹ̀yìn Tákìé. Nínú oṣù Karùn-ún ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá wa, ó sì mú apá àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Nígbà tí a gbé e kúrò ní ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó já gaara lẹ́nu rẹ̀ ni pé kí a bá òun pe ọmọ òun ọkùnrin. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti fojú kan ara wọn. Nígbà tí ìyá wa kú, ìwé ìgbélùú àbúrò mi wà lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀, bí ó bá sì jáde, kò ní lè padà wọlé. Orí fóònù ni ó ti wo ìsìnkú ìyá rẹ̀. N kò fi ojú àánú wo ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn. Lójú tèmi, ẹni tí bàálù ń gbéra lójoojúmọ́ ní ìlú tí ó ń gbé, bí kò bá wá, kò fẹ́ wá ni.

Òun náà ní tirẹ̀ sí mi. Ní gbogbo oṣù Karùn-ún àti Kẹfà, bí ara Bàbá bá yí padà lóru, èmi ni yóò pè. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, “Àǹtí mi, ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ wà nítòsí. Mo wò ó lórí fóònù. Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò ju kìlómítà 55 lọ. Ọ̀nà tí mo ń wà lọ síbi iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí i.” Mo ní, “O ṣeun. Bàálù tìrẹ ńkọ́? Wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ péré. Ó ti ṣe tí o kò tíì bọ́ sínú rẹ̀?” A kò bá ara wa sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ àwọn iye náà wò.

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ fóònù yín bí Lọ́ńdọ̀nù ṣe jìnnà sí Èkó tó, yóò dá yín lóhùn pé nǹkan bí 5,000 kìlómítà ni. Ẹ lè ṣírò rẹ̀ fúnra yín lórí ìwé. Èkó wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 sí àríwá ìlà tí ó pín ayé sí méjì. Lọ́ńdọ̀nù wà ní ìwọ̀n 51.5. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ìwọ̀n 45, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ nǹkan bí 111 kìlómítà. Ìlú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ 111 di ìlọ́po 45 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ìdáhùn gan-an. Ọ̀nà tààrà tí ó tẹ̀ lé bí ayé ṣe rí roboto ni èyí, bí ẹni ta okùn láti ìlú kan sí èkejì.

Bí a bá ta irú okùn bẹ́ẹ̀ láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò ní gùn ju nǹkan bí kìlómítà 47 lọ. Ọkọ̀ òfurufú tí ó ń sá 900 kìlómítà ní wákàtí kan yóò fi ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀ rìn ín. Ìṣẹ́jú mẹ́ta! Ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ kò ní tíì ṣí ọ̀rá búrẹ́dì tí wọ́n gbé ka iwájú rẹ̀ tán.

Ṣùgbọ́n okùn kọ́ ni bàálù ń tọ̀. Àwọn ọ̀nà kan wà lójú ọ̀run tí a ti là sílẹ̀, ilẹ̀ ẹlòmíràn sì ni ó wà lábẹ́ wọn. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger lọ́dún 2023, wọ́n ti ojú òfurufú wọn pa ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, wọn kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án. Àwọn bàálù tí ó máa ń ti Yúróòpù gba orí aṣálẹ̀ Sàhárà wọ Nàìjíríà ní láti wá ọ̀nà mìíràn gbà. Èkó kò kúrò ní ipò rẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù kò kúrò, ṣùgbọ́n ìrìn àárín wọn gùn sí i fún odidi oṣù kan.

Aago náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Nàìjíríà kì í yí aago padà. Àwọn ará ìlú Ọba a máa sún tiwọn síwájú ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹta, wọn a sì dá a padà ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá. Nítorí náà, láàárín àkókò ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago kan náà ni àwa àti wọn ń lò. Nígbà òtútù, àwa a fi wákàtí kan ṣíwájú. Tíkẹ́ẹ̀tì oṣù Kejìlá lè sọ pé ọkọ̀ yóò gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù ní aago mẹ́wàá àbọ̀ alẹ́, kí ó balẹ̀ sí Èkó ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò ka wákàtí méje àti ààbọ̀. Ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe ti ojú ọ̀run rárá. Ti Amẹ́ríkà tún yàtọ̀. Láti Èkó sí Atlanta lé ní 9,000 kìlómítà, àlọ a sì máa pẹ́ ju àbọ̀ lọ, nítorí pé afẹ́fẹ́ líle kan wà lókè níbẹ̀ tí ó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Àlọ ń kò ó lójú, àbọ̀ ń gbá a lẹ́yìn.

Bàbá wa kò jẹ́ ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe. Oníṣòwò Gáánà ni, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ìgbà tirẹ̀. Ó wà níbẹ̀ títí di oṣù Kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọjọ́ 14 péré láti kó jáde. Nígbà tí ó ń bọ̀ láti Kùmásì nínú lọ́rì, ó ní ẹnikẹ́ni kò béèrè wákàtí lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà. Oúnjẹ ọjọ́ mélòó ni kí a dì ni wọ́n ń béèrè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ti bá ọkọ̀ ojú omi Aureol lọ sí ìlú Ọba ṣáájú ìgbà náà, ọjọ́ 13 sì ni ọkọ̀ yẹn máa ń lò láàárín Èkó àti Liverpool. Bí a bá bi Bàbá ní ìgbà tí òun yóò ti ọ̀nà dé, èsì rẹ̀ kò yí padà rí: “Bí ẹ bá rí mi, mo ti dé nìyẹn.”

Mo tún rántí pé ọ̀nà ilẹ̀ wa ti ní ìtàn yìí tipẹ́. Ojú irin dé Ìbàdàn lọ́dún 1901. Nígbà tí wọ́n tún ń fà á lọ síwájú, Òṣogbo ni wọ́n gbé e gbà, ó débẹ̀ lọ́dún 1907, ó sì gba Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin. Ó fi Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ òsì. Ọ̀nà mọ́tò ni ó kàn wá: ti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tí wọ́n là lọ́dún 1906, wà lára àwọn àkọ́kọ́ pàá ní Nàìjíríà. Láti ìgbà náà, orí títì ni gbogbo ìrìn wa wà, títì náà ni gbogbo tírélà tí ó ń kó ẹrù àríwá lọ sí Èkó sì ń gbà. A ti ń retí ọ̀nà oníbejì láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí ó bá ti tẹ̀ lé tírélà onísìmẹ́ńtì gun òkè kan lójú ọ̀nà àtijọ́ yẹn, tí kò ríran rí ẹni tí ó ń bọ̀ níwájú, mọ ohun tí mo ń wí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó ṣáájú ni èmi gbéra ní gáréèjì Ọ̀wọ̀dé ní Ọ̀yọ́, pẹ̀lú ẹran díndín, ìyẹ̀fun ẹlùbọ́ àti oògùn Bàbá. Fóònù ní wákàtí kan. Mo lo wákàtí méjì àti ààbọ̀, inú mi sì dùn, nítorí pé ó ti gbà mí ju bẹ́ẹ̀ lọ rí. Síbẹ̀, nígbà tí Bàbá bi mí ní alẹ́ ọjọ́ náà pé, “Nígbà wo ló máa dé?” mo ṣí ẹnu, mo ní aago mẹ́sàn-án. Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀: bàálù yóò balẹ̀ ní aago márùn-ún, Èkó sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò ju nǹkan bí 240 kìlómítà lọ, ọjọ́ Àìkú ni, ọ̀nà yóò dá. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò! Ẹni tí ó jẹ́ pé tirẹ̀ ni mo mọ̀ tí n kò fi ṣírò ti ẹlòmíràn.

Ẹ wo bí ìrìn àbúrò mi ṣe lọ, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe kà á fún mi. Aago márùn-ún àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ó ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ ní Peckham. Wọ́n ní kí èrò dé pápákọ̀ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú, ọ̀nà ibẹ̀ náà sì ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tirẹ̀. Ọkọ̀ gbéra ní aago mẹ́wàá àbọ̀ alẹ́, ó sì balẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí, kò fi ìṣẹ́jú kan pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó tò síbi àyẹ̀wò ìwé ìrìnnà, ó dúró de àpótí mẹ́ta, méjì tètè dé, ẹ̀kẹta kò tètè dé. Aago méje ni ó jáde. Dẹ́rẹ́bà tí a rán pàdé rẹ̀ ní kí àwọn dúró ra epo. Ìlà epo gùn. Wọ́n dé Ìbàdàn ní aago mọ́kànlá kù díẹ̀, Ọ̀yọ́ ní aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó pè mí láti iwájú ilé ọkọ mi: “Àǹtí mi, mo ti dé ọ̀dọ̀ yín. Ó ku díẹ̀.” Mo wọlé lọ sọ fún Bàbá pé ó ku díẹ̀.

Ní apá Odò-Ọbà ni tírélà kan ti dábùú ọ̀nà. Kò sí ẹni tí ó kú, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kankan kò lè kọjá. Fún bíi wákàtí méjì ni àbúrò mi fi dúró nínú oòrùn, ó ń wo fóònù tí ó sọ fún un pé ìṣẹ́jú 35 ni ó kù. Kò yí padà. Ìṣẹ́jú 35 náà ni ó ń sọ ṣáá.

Ẹ ka gbogbo rẹ̀ pọ̀: láti ilẹ̀kùn Peckham dé ẹnu ọ̀nà bàbá wa jẹ́ wákàtí 22 àti ogún ìṣẹ́jú. Bàálù tí gbogbo wa ń fi ṣírò kò gbà ju mẹ́fà àti ààbọ̀ lọ nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí ó ti dọ́gba pẹ̀lú Ògbómọ̀ṣọ́ lójú ọ̀run títí tí ó fi fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ lé ní wákàtí 11.

Bàbá ti jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti aago méje àárọ̀, pẹ̀lú agbádá àti fìlà. A bẹ̀ ẹ́ kó jẹun, ó kọ̀. Ó ní òun àti ọmọ òun ni yóò jùmọ̀ jẹ ẹ́. A bẹ̀ ẹ́ kó dùbúlẹ̀, ó ní ṣé kí ọmọ òun wá bá òun lórí ibùsùn bí aláìsàn? Ní aago mẹ́wàá mo ní ó ti kúrò ní Èkó. Ní aago méjìlá mo ní ó ti wọ Ọ̀yọ́. Nígbà tí mo wá sọ pé ó ku díẹ̀, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún tún fìlà ṣe. Ní nǹkan bí aago méjì, orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì ni wọ́n gbé e wọlé. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wá wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó wò mí, ó ní, “Màmá, ta ló ní kí wọ́n jókòó pẹ́ tó báyìí?” 

Orí oorun ni àbúrò mi bá a. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí ilẹ̀ níwájú bẹ́ẹ̀dì, kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Nǹkan bí aago mọ́kànlá òru ni Bàbá lajú. Kò bi í léèrè àlàáfíà. Ó ní, “Ọ̀nà wo lo gbà?” Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ láti Èkó, Bàbá ń bá a dárúkọ àwọn ibi ìdúró ọkọ̀ àtijọ́, títí wọ́n fi dé Odò-Ọbà. Nígbà tí ó gbọ́ ti tírélà, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹgbẹ́ kan ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni.

Láti ọjọ́ Àìkú yẹn ni Bàbá kò ti lè dá jókòó mọ́. Dókítà ní àìsàn náà ni, pé kì í ṣe àga yẹn. Mo gbọ́.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni àbúrò mi lò, a sì lo ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ láti ṣe ìṣirò tí ó yẹ kí a ti ṣe tẹ́lẹ̀. Fún ará Ògbómọ̀ṣọ́, pápákọ̀ Ìlọrin ni ó sún mọ́ ilé jù. Ẹni tí ó bá rí bàálù wọ̀ láti Èkó sí Ìlọrin kò ní lò tó wákàtí kan lójú ọ̀run, ọ̀nà Ìlọrin sí Ògbómọ̀ṣọ́ sì rọrùn ju ti Ọ̀yọ́ lọ, ṣùgbọ́n bàálù ibẹ̀ kò pọ̀, ó sì dára kí èèyàn fi ààyè sílẹ̀ láàárín bíbalẹ̀ ti òkè òkun àti gbígbéra ti ìlú. Fún ará Ọ̀yọ́, ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lọ́dún 2021 wúlò gidigidi: kìlómítà 157 ni, ó máa ń gbà tó wákàtí méjì àti ààbọ̀, Mọníyà tí ó sì ti ń já èrò sílẹ̀ wà ní apá ọ̀nà Ọ̀yọ́ gan-an, ẹ kò ní wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àárín ìlú Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá sì lówó ibùsùn, kí ó sun Èkó tàbí Ìbàdàn mọ́jú. Oorun òru kan kò pọ̀ jù fún ẹni tí ó ti dúró fún ọdún mẹ́sàn-án. N kò gbà kí ẹnikẹ́ni rin ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lóru nítorí pé ó ń kánjú.

Ní ọjọ́ tí ó ń padà, ọjọ́ kan gbáko ṣáájú bàálù ni ó kúrò nílé. Nígbà tí ó kọjá ní Ọ̀yọ́, ó yà kí ọkọ mi. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú ọ̀rọ̀ ìtòsí yẹn.” Mo ní kí òun náà má bínú ọ̀rọ̀ bàálù. Mo di ẹlùbọ́ fún un.

Nínú oṣù Kejìlá, ó tún ń bọ̀. Bàbá ti gbọ́. Ọmọ kan ni ó tú u sí i létí. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, “Nígbà wo ló máa dé?”

Mo ní, “Ó ti wà lọ́nà, Bàbá.”

Ó ní, “Ọ̀nà wo?”

“Ti Ìlọrin, sà.”

Ó mi orí. Ó ní kí n bu ẹ̀kọ fún òun.